Ojú Ìwé Kẹrìnléláàádọ́rin

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Rídwàn ju sí Akínwándé, imú ló bà á. Èkejì ba ètè. Ẹ̀kẹta kò kàn án, nítorí Bàrákàt ti fò sáàárín àwọn méjèèjì. Èjìká rẹ̀ ló fi gbà á, ó sì ṣubú lu àga ike tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àlejò, àga náà fọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ Sátidé ni o. Kò sí ẹni tó jalè, kò sí ẹni tó gba aya aláya. Akínwándé wá kí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ó gbé àpò ọsàn kan àti páálí júùsì méjì dání, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀ Alhaji Kamaldeen ní Pópó, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Inú Alhaji dùn. Pákó ni Alhaji ń tà, ó sì fẹ́ràn ohunkóhun tó bá na gbọọrọ sílẹ̀ láìwọ́.

"Dìde, ọmọ mi," ló wí. "Ọmọ ta ni ọ́ nínú ìlú yìí?"

"Ọmọ Tíṣà Oyètúndé ni mí, sà. Oyètúndé tó kọ̀wé."

Ẹ̀rín kú lójú Alhaji. Bàrákàt rí i bó ṣe kú, ó sì mọ̀ pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ láti oṣù mẹ́sàn-án tó ti ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé "olùkọ́ kan ni, níbi iṣẹ́ wa" láìdárúkọ. Kó tó la ẹnu, Rídwàn àbúrò rẹ̀ ti dìde. Rídwàn ń tún mọ́tò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó sì ti gba ife ẹ̀yẹ ìjàkadì ìlú lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ rárá.

"Àwọn tó pe bàbá wa àgbà ní apààyàn ló rán ọ wá tọrọ ọmọ? Nínú ilé yìí?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹni tí kì í ṣe ará Ọ̀fà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá Rídwàn lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ọ̀rọ̀. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Láàárín àwọn ìdílé oníjàkadì, òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ: ẹni tó bá dá ọmọnìkejì rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sí i, kó fà á dìde lójú gbogbo ayé. Ẹni tó bá dáni tó kẹ̀yìn síni, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ títí dé orí ọmọ ọmọ. Ìwé Tíṣà Oyètúndé sọ pé ohun tí Àlàbí, bàbá Alhaji Kamaldeen, ṣe gan-an nìyẹn. Ọdún 1958 ni. Àlàbí gbé Oyèníran, bàbá tó bí Tíṣà, lulẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀pá ẹ̀yìn Oyèníran ti ṣẹ́, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ó kú. Ojú ìwé kẹrìnléláàádọ́rin lọ̀rọ̀ náà wà.

Ìwé ọ̀hún ì bá máa jẹ erùpẹ̀ nínú àpótí, kì bá tí kan ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó wà lórí lísìtì ìwé kíkà ní Yunifásítì Ìbọ̀lọ̀. Òun nìkan ṣoṣo ni ìwé tó sọ̀rọ̀ ìjàkadì nínú kọ́ọ̀sì Ìtàn àti Àṣà. Lọ́dọọdún, ọgọ́rùn-ún ọmọ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ń kà á, wọ́n ń há a sórí, wọ́n ń fi ṣe ìdánwò pé Àlàbí ará Pópó ò na ọwọ́. Ẹni tó bá sì kọ ohun mìíràn, òdo ni.

Bàrákàt, tó ń jẹ́ Àlàbí lórúkọ ìdílé, wá di olùkọ́ tí wọ́n gbé kọ́ọ̀sì náà fún! Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ kíláàsì, lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Mà, ṣé Àlàbí tiyín náà ni Àlàbí inú ìwé yìí?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàrákàt ò mọ ìgbà tó ju ìwé náà mọ́ ògiri. Ó jù ú débi pé ẹ̀yìn ìwé ya.

Olùkọ́ tó wà ní iyàrá kejì sáré wọlé, ó rò pé ìjà ni. Ọkùnrin gíga kan, tó fi gọ́ọ́gù sójú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa ìwé náà, ó fọwọ́ nù ún.

"Ìwé bàbá mi lẹ ń là mọ́ ògiri yìí, mà."

"Ẹ bá mi sọ fún bàbá yín pé ìyókù ń bọ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ohun tó bí Bàrákàt nínú nìyẹn, ohun tó sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn náà nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, nínú láíbìrì, lábẹ́ igi kaṣú, nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn lọ sílé. Ọjọ́ kan, Akínwándé gbé ànàmọ́ wá fún un nínú kúlà. Nígbà tí Bàrákàt fi fọ́ọ̀kì wa ìsàlẹ̀, ègé ẹran mẹ́rin ló rí lábẹ́ ànàmọ́. "Ará Ọ̀fà pọ́ńbélé ni mí," Akínwándé wí, "abẹ́ ànàmọ́ là ń fi ẹran pamọ́ sí, bí wọ́n ṣe ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́." Bàrákàt rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Nígbà tó dé ilé, ó rí i pé òun ti fẹ́ràn ọmọ Oyètúndé, ẹ̀rù sì bà á gidi gan-an.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní Ọ̀fà, ilé mélòó ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ò ti jọ ń jẹ nínú àwo kan? Ojú ìwé kan ṣoṣo ló dí wọn lọ́nà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wọn jókòó lórí lísìtì ìwé kíkà. Ó pẹ́ tí Bàrákàt ti ń múra sílẹ̀. Ìwé mọ́kànlá ló wà lórí lísìtì, ọkùnrin ló kọ gbogbo wọn, mẹ́jọ ti kú, kò sì sí èyí tó kọ́ ẹnikẹ́ni pé obìnrin gbé ìlú rí. Bàrákàt ní kí wọ́n fi orin àwọn ìyá tó ń kọrin lẹ́yìn oníjàkadì kún un. Ó ní kí wọ́n fi ìtàn àwọn Fúlàní tó ń da màlúù lójú ọ̀nà Ìlémọnà kún un, àwọn náà ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún níbẹ̀. Ó mú ìwé kékeré tí afọ́jú kan kọ nípa ilé ìwé rẹ̀. Paríparí rẹ̀, ó mú ohùn Asiata, ìyá bàbá rẹ̀, tó gbà sórí fóònù: ìyàwó Àlàbí, tí ìjàkadì 1958 ṣojú rẹ̀.

Ọ̀gá kan tó ti hewú ní ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Dókítà Bàrákàt, ṣé ẹjọ́ wẹ́wẹ́ tí àwọn ìyá arúgbó ń rò náà ni a máa fi kọ́ ọmọ ní yunifásítì?"

"Mi ò ní kí ẹ yọ ìwé kankan, sà," Bàrákàt dáhùn. "Mo ní kí ẹ fún ẹlòmíràn ní àga kó jókòó tì í."

Wọ́n dìbò. Mẹ́ta gbà, mẹ́ta kọ̀. Ó ku ẹnìkeje, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ẹni tí imú rẹ̀ ṣì wú. Bàrákàt yíjú sí Akínwándé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí n má purọ́. Ó ti ń ronú bí òun yóò ṣe sọ fún Rídwàn pé, "Ẹni tí o lù ló gbé orúkọ bàbá wa àgbà dìde."

Akínwándé wo pépà iwájú rẹ̀. "Mi ò dìbò," ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ni lísìtì náà ṣe dúró sí bó ṣe wà. Ní kọ́rídọ̀, Akínwándé sáré bá a. "Bàrákàt, dúró. Bàbá mi ní ọjọ́ tí mo bá dìbò lòdì sí òun, kí n má pe òun ní bàbá mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Kí ni kí n ṣe?"

Bàrákàt gbá a létí. Kì í ṣe ìgbátí ìyàwó sí ọkọ, tí a fi ń ṣeré. Gọ́ọ́gù fò lọ kọlu ògiri, dígí kan fọ́, ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní imú tí kò tíì jinná.

"Dókítà Oyètúndé," ló wí, "ẹ má pe orúkọ mi mọ́. Mo lérò pé ẹ ní ẹnu."

Ọ̀rọ̀ "ẹ" yẹn dun Akínwándé ju ìgbátí lọ, nítorí ó ti lé lọ́dún kan tí Bàrákàt ti ń pè é ní "ìwọ".

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Bàrákàt ò jẹun dáadáa. Lójú kan, á ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ ojo. Lójú kejì, á gbé fóònù, á wo orúkọ rẹ̀, á tún gbé e sílẹ̀. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé ta ni òun ń jà fún gan-an. Àlàbí ti kú ní Ìjàgbó, níbi tó sá lọ nígbà tí ìtìjú àhesọ ìlú lé e jáde, kí wọ́n tó bí òun. Ṣé nítorí òkú ni òun yóò ṣe pàdánù alààyè? Àmọ́ tó bá ti ronú dé ibẹ̀, ẹ̀rín kíláàsì yẹn á padà sí i létí.

Asiata, ìyá àgbà, ló kíyè sí i. Màmá ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran bíi tẹyẹ. Ó ń bó ànàmọ́ lọ́jọ́ náà nígbà tí Bàrákàt wá jókòó tì í, tó mú ọ̀bẹ kejì, tó ń bá a bó o.

"Ọmọ Oyètúndé yẹn ni àbí?"

"Mo ti fi í sílẹ̀, Màmá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu yín kì í ṣe ìwé."

Màmá kàn rọra bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá rẹ̀ kò ṣáà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó wá."

"Bàbá ta ló wá?"

"Oyètúndé. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ọ̀kadà ló gùn wá. Ó kó ìwé kékeré kan dání, ó ní òun fẹ́ mọ bí ìjà náà ṣe lọ. Gbogbo bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ nínú fóònù yẹn ni mo ṣe sọ ọ́ fún un, ó sì ń kọ ọ́. Ó jẹ ànàmọ́ mi, ó tún ní kí n fi díẹ̀ kún un. Mo bá ń retí pé wọn á ka orúkọ rere ọkọ mi fún mi. Ọlọ́hun nìkan ló mọ ibi tó gbé e gbà."

Bàrákàt dìde dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún ni Tíṣà ti mọ òtítọ́! Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ṣùgbọ́n ẹni kan gbọ́dọ̀ lọ tú òtítọ́ náà jáde níbi tí wọ́n tì í mọ́.

Kò lè lọ bá Akínwándé fúnra rẹ̀. Ìgbéraga ò jẹ́. Sherifat ló rán. Sherifat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló ni ṣọ́ọ̀bù fótòkọ́pì níwájú géètì yunifásítì, kò sì sí àṣírí ìwé tàbí ti ìfẹ́ tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

"Alárinà tún ti dé," Sherifat wí, ó ń ká gèlè rẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá mojú ara yín tán, ẹ ó ní kí n yẹ̀bá. Kí ni kí n wí?"

"Sọ fún un pé kó béèrè ìwé kékeré tí bàbá rẹ̀ kó wá sílé wa lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Má sọ nǹkan mìíràn."

Ọjọ́ kejì, Sherifat padà pẹ̀lú ojú tó kún fún ìròyìn. Akínwándé béèrè. Tíṣà ní òun ò mọ ìwé kankan. Akínwándé wọ iyàrá, ó fa àpótí abẹ́ ibùsùn jáde. Ni Tíṣà bá gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó nà án lẹ́yìn, ó nà án lórí, ó ń pariwo pé, "O fẹ́ pa bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì!" Akínwándé ò dá ọwọ́ padà. Ó fi ẹ̀yìn gba ọ̀pá, ó ń tú àpótí, títí ó fi rí ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù kan. Gbogbo ohun tí Asiata sọ wà níbẹ̀ ní ojú ewé márùn-ún. Igi gbọọrọ ni Tíṣà fà la gbogbo rẹ̀ já. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: *Ẹnu obìnrin. Ìyàwó rẹ̀ ni. Kò ṣeé lò.*

"Ó kó o fún mi," Sherifat wí. "Ó ní kí n ṣe é ní ogójì, ìgbìmọ̀ tún máa jókòó lọ́jọ́bọ̀. Ṣé o mọ ohun tó wí? Ó ní, 'Sọ fún un pé mo ti ní ẹnu.'"

Bàrákàt bú sẹ́kún níbẹ̀, kò sì tijú.

Ṣùgbọ́n ẹnu kì í dákẹ́ ní Ọ̀fà. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́rú, àwọn ẹbí Oyètúndé ti gbọ́ pé wọ́n ń tẹ ìwé tó sọ pé Oyèníran ló jẹ̀bi. Bàrákàt wà nínú ṣọ́ọ̀bù, òun àti Akínwándé ń to pépà jọ láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, èjìká kan èjìká, nígbà tí ọ̀kadà mẹ́ta dúró lójijì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà sọ̀ kalẹ̀. Dámiláre, ọmọ àbúrò Tíṣà, ló ṣáájú, ó gbé kóńdó lọ́wọ́ kan, ó gbé gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù lọ́wọ́ kejì.

"Bùrọ̀dá Akin, ẹ jáde kúrò níbẹ̀."

"Dámiláre, padà sílé."

"Ẹ ń ta bàbá àgbà wa nítorí obìnrin!"

Kóńdó fọ́ dígí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Èkejì wó ẹ̀rọ fótòkọ́pì, pépà fọ́n káàkiri. Sherifat pariwo, ẹnì kan fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ lójú Bàrákàt. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàrákàt lẹ́yìn ìyẹn, òun náà kò rántí rẹ̀ délẹ̀. Ó mọ̀ pé òun gbé sítépúlà ńlá, pé òun là á mọ́ ẹni náà lórí, pé ẹ̀jẹ̀ ta sí híjáàbù òun, pé ó sì dùn mọ́ òun. Pẹtiróòlù ń rùn. Ẹnì kan ṣáná, iná ràn mọ́ òkìtì pépà kan. Akínwándé fò lé iná náà, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́, ó ká ìwé aláwọ̀ búlúù mọ́ àyà. Dámiláre gbé kóńdó sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sórí apá rẹ̀. Bàrákàt gbọ́ ọ nígbà tí egungun kán. Akínwándé ò sọ ìwé náà sílẹ̀. Ó gba kóńdó kejì lórí apá tó ti kán náà, ó fi ọwọ́ kejì já kóńdó gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn ọmọ ẹbí rẹ̀ jáde bí ẹni ń na ewúrẹ́ nínú oko.

Wọ́n sá. Akínwándé dúró láàárín dígí fífọ́, kóńdó lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Sherifat sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ohun tí Rídwàn bá nìyẹn. Ẹnì kan ti lọ pè é ní ṣọ́ọ̀bù mọ́tò. Ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí ọmọ Oyètúndé pẹ̀lú kóńdó. Kò béèrè ohunkóhun. Ó wọlé sí i nísàlẹ̀, ó kó itan rẹ̀ méjèèjì, ó gbé e sókè ju orí lọ, ó sì là á mọ́ ilẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù níṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pé yí wọn ká. Ilẹ̀ mì. Akínwándé ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì mira mọ́.

Rídwàn tutọ́, ó yípadà, ó kẹ̀yìn sí i.

"Rídwàn!" Ohùn tó jáde lẹ́nu Bàrákàt, ó dà bíi ti Asiata. "Òun ló gbà wá sílẹ̀! Apá rẹ̀ ti kán nítorí Àlàbí. O ti dá a, o sì ń kẹ̀yìn sí i? O fẹ́ sọ ìwé wọn di òótọ́?"

Rídwàn dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó wo ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí kò tíì ka ojú ìwé kẹrìnléláàádọ́rin nínú wọn. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́.

Akínwándé la ojú. Ó wo ọwọ́ náà, Bàrákàt sì rò pé ọmọ Oyètúndé ni, kò ní gbà á. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ tó kù fún un sókè, ó di ọwọ́ Rídwàn mú. Rídwàn fà á dìde, ó gbé e pọ̀n lọ sí ọsibítù lórí ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, pẹ̀lú apá tí wọ́n ti fi píọ́ọ̀pù dì ní ọsibítù, Akínwándé na ọwọ́ òsì sókè nínú ìpàdé ìgbìmọ̀. Mẹ́rin gbà, mẹ́ta kọ̀. Wọ́n fi ohun tí Asiata sọ sórí lísìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Tíṣà, pẹ̀lú orin àwọn ìyá, ìtàn àwọn Fúlàní àti ìwé afọ́jú. Ọ̀gá arúgbó irùngbọ̀n ní òun ò tíì rí ìwé kíkà tí ènìyàn tìtorí rẹ̀ kán lápá rí.

Tíṣà ò wá sí ọsibítù. Ó ní òun ò lọ́mọ. Oṣù mẹ́rin ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ Akínwándé, àwọn ìránṣẹ́ lọ, wọ́n bọ̀, títí kan Sherifat pẹ̀lú àlàfo eyín rẹ̀. Alhaji Kamaldeen náà ní òun ò lè fi ọmọ fún ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ò bá wá fúnra rẹ̀. "Mi ò fẹ́ aṣojú," ló wí. "Oyètúndé ni mo fẹ́ rí nínú ilé yìí." Bàrákàt mọ̀ pé ìyẹn ni pé kò sí ìgbéyàwó.

Síbẹ̀ wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàrákàt jókòó sínú iyàrá gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó ń yọ ojú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Àwọn ẹbí Akínwándé dé, wọ́n kéré, wọ́n sì ń bẹ̀rù. Rídwàn dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ odó, ó ní nítorí Dámiláre ni. Àga bàbá ọkọ ṣófo. Alhaji ń wo àga náà, ó ń wo aago.

Tíṣà Oyètúndé wọlé nígbà tí wọ́n fẹ́ẹ̀ tú ká. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ló fi ń rìn. Rídwàn di ọmọ odó mú le. Tíṣà ò jókòó. Ó yọ àpòòwé aláwọ̀ róòsì kan, irú èyí tí a fi ń kọ lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó, ó nà án sí Sherifat.

Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń wà nínú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, a fẹ́ já a. Sherifat gbé ohùn rẹ̀ sókè láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láàárín ìlà kejì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"*Èmi Oyètúndé ọmọ Oyèníran ló kọ ìwé yìí. Kí n tó tọrọ ohunkóhun nínú ilé yìí, ohun kan wà tí mo kó lọ níbẹ̀ tí mi ò dá padà. Asiata ìyàwó Àlàbí sọ fún mi ní ọdún 1993 pé: Ọkọ mi dá Oyèníran. Ó na ọwọ́ sí i. Oyèníran tutọ́ sí ọwọ́ náà. Ó tún na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó nà án lẹ́ẹ̀kẹta. Oyèníran ní òun yóò dìde fúnra òun, nígbà tó sì ń dìde ni ẹ̀yìn rẹ̀ dún. Àwọn èèyàn rẹ̀ kó igi bo ọkọ mi, ojú rẹ̀ ọ̀tún fọ́ níbẹ̀. Èmi ni mo gbé e lọ sílé. Ohun tí Asiata sọ nìyẹn. Mo fa igi lé e. Mi ò lè kọ ọ́ pé bàbá mi tutọ́ sí ọwọ́ tí ì bá gbà á là. Mo bá ní ẹnu obìnrin ni.*"

Sherifat ò lè ka ìyókù. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, Bàrákàt gbá ẹnu mú.

Tíṣà ti rìn lọ síwájú Asiata, tó jókòó lórí ẹní ní igun pálọ̀. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, lẹ́yìn náà ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin pẹ̀lú agbádá funfun, ó gbé iwájú orí lé ilẹ̀.

Asiata wò ó. Akínwándé gbé ẹsẹ̀ kan láti lọ ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, Rídwàn na ọmọ odó dí i lọ́nà. Ó pẹ́.

"Oyètúndé," Asiata wí níkẹyìn. "Ànàmọ́ tí o jẹ nílé mi lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Mà."

"O ò kọ ìyẹn náà."

"Mi ò kọ ọ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Asiata tẹ̀ síwájú lórí ẹní. Ọwọ́ rẹ̀ tí kò ju awọ àti egungun lọ jáde lábẹ́ ìborùn, ó nà án síwájú ojú Tíṣà, ó sì dá a dúró síbẹ̀.

Tíṣà gbé orí sókè, ó rí ọwọ́ náà, ó sì gbá a mú.